Dókítà Pettibone àti Táǹkì Tí Kì Í Gbẹ

Bí ẹ bá dé Huntsville ní ìpínlẹ̀ Alabama, tí ẹ kò sì tíì gbọ́ orúkọ Dókítà Royce Pettibone, ẹ má ṣe ìyọnu kankan. Ẹ ṣáà dúró síbi tí ẹ wà. Òun fúnra rẹ̀ yóò wá sọ ọ́ fún yín.

Ọkùnrin náà fẹ́ràn orúkọ ara rẹ̀ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Kì í sọ pé "mo ti jẹun". "Pettibone ti jẹun" ni yóò wí. Orúkọ náà wà lára ọkọ̀ rẹ̀, ó wà lára ife tíì rẹ̀, ó wà lára irin bẹ́líìtì rẹ̀ níwájú, níbi tí ikùn rẹ̀ kò ti jẹ́ kí ó lè rí i kà mọ́. Tí tẹlifóònù bá dún, yóò kọ́kọ́ ya irunmú rẹ̀ dáadáa kí ó tó gbé e.

Pettibone, a-jí-kí-dígí! Pettibone, ọ̀gá tó ń yin ara rẹ̀ kí ẹnu má baà rẹ ará ìlú! Akọni tó sọ̀rọ̀ tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ní òun kò lè pariwo tó bẹ́ẹ̀!

Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́ o. Ó mọ̀ ọ́n. Ilé-iṣẹ́ Redfern, tó ń kọ́ ọkọ̀ tí yóò gbé èèyàn lọ sórí òṣùpá, tí yóò sì gbé wọn padà wálé, ló fi í ṣe olórí àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Ó ṣe ẹ́ńjìnnì kan tó ń lo haidirójìn olómi, ó sì sọ ọ́ ní Pettibone Kìíní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí Ìkejì níbì kankan. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ ti gba gbogbo èrò rẹ̀, èrò sì ti di ẹrú ẹ̀rọ. Ó ní kí wọ́n nu ẹnu ẹ́ńjìnnì náà títí ó fi ń dán bíi dígí. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ibẹ̀ ló máa ń lọ láti yọ ẹran tó há sí i léyín.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí kàn jù ni Kápúténì Odessa Birdwell, nítorí òun ni yóò wa ọkọ̀ náà. Ó ti wa bàálù ológun lórí agbami òkun rí. Obìnrin tí kì í pariwo ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í jìnnà sí i lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ ní Tuskegee máa ń pè é ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé: "Odessa, mo mọ̀ pé àwọn èèyàn yẹn lè gbé ọ dé ọ̀hún. Ta ni nínú wọn ló ń ronú ibi tí wàá gbà wálé?"

Ìbéèrè ìyá yìí ni Odessa gbé lọ sípàdé. Ẹni tó ń lọ sí òṣùpá mọ̀ pé bí nǹkan bá bà jẹ́ lọ́nà, ó ṣì lè yí po kí ó sì darí sílé. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti balẹ̀ síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló kù láti gbé e dìde. Bí ìyẹn kò bá jó, mẹkáníìkì wo ni yóò pè?

Ìgbìmọ̀ tí yóò yan ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ Mísì Lavinia Stroud. Ìyá àgbà yìí ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì, kí Redfern tó lọ bẹ̀ ẹ́ padà wá. Gbogbo Huntsville, títí kan olórí ìlú, Mísì Lavinia ni wọ́n ń pè é.

Ẹnìkan kọ́kọ́ dábàá ẹ́ńjìnnì tó ń lo iná mànàmáná. Kì í jẹ epo púpọ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń fẹ́ ẹnu sí ewé lọ. Ó lè lo oṣù mélòó kan lójú ọ̀nà, kò sì lè gbé ara rẹ̀ sọ̀ jẹ́jẹ́ sórí òṣùpá.

"Ìyẹn dáa fún ẹrù," Mísì Lavinia wí. "Odessa kì í ṣe ẹrù. Ó yá, ta ló kàn?"

Dókítà Imogene Tarver dìde. Obìnrin yìí a máa wọ bàtà òjò aláwọ̀ ìyeyè lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn, bó bá sì rẹ́rìn-ín, wọn a gbọ́ ọ ní òpópónà kejì.

"Oríṣi omi méjì ni tèmi ń lò," ó ní. "Ẹ fi ọ̀kan síbí, ẹ fi ìkejì sọ́hùn-ún, wọn ò ní ṣe nǹkan kan. Àmọ́ tí wọ́n bá ti fojú kanra báyìí, iná ti sọ nìyẹn. A ò nílò ìṣáná, a ò nílò àdúrà."

Orogún ni omi méjèèjì, kò sí orúkọ mìíràn.

"Májèlé!" Pettibone ké. "Ẹni tó bá gbóòórùn wọn, ó di èrò ọ̀run!"

"Òótọ́ lo sọ, Royce. Ẹni tó bá fẹ́ rọ ọ́ gbọ́dọ̀ wọ aṣọ tó bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àmọ́ tó o bá gbé e sílẹ̀ lónìí, wàá bá a níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Haidirójìn tìẹ ńkọ́?"

Ibi tí bàtà ti ń ta Pettibone lẹ́sẹ̀ gan-an nìyẹn. Haidirójìn lágbára ju àwọn orogún lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n kí ó tó lè jẹ́ omi, ó gbọ́dọ̀ tutù ju yìnyín lọ lọ́nà tí ẹnu kò lè sọ. Bí ooru bíńtín bá ti kàn án, híhó ni. Bó bá sì ti ń hó, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oru rẹ̀ jáde, kí táǹkì má baà bẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni epo ẹni yóò fi máa ṣe ó dàbọ̀.

Pettibone fọwọ́ pa irunmú rẹ̀. "Haidirójìn Pettibone yóò dúró bí ìyàwó ṣe ń dúró de ọkọ rẹ̀."

"Royce," Mísì Lavinia wí jẹ́jẹ́, "ìyàwó rẹ àkọ́kọ́ ò kúkú dúró."

Bàtà òjò Imogene fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ fún ẹ̀rín. Odessa dúró kí ariwo rọlẹ̀.

"Ọ̀gá Dókítà, tí mo bá dé òṣùpá, tí mo ṣiṣẹ́ mi tán, tí mo fẹ́ máa bọ̀ nílé, báwo lepo inú táǹkì ṣe máa kù tó?"

"Gbogbo rẹ̀ ni!"

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Kápúténì. Ó tilẹ̀ lè lé díẹ̀."

 Epo tó ń pọ̀ sí i lójú ọ̀nà, àwọn àgbà onírọ́kẹ́ẹ̀tì kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí.

"Ó dáa," Mísì Lavinia wí. "A ó rọ táǹkì rẹ kún, a ó tì í pa, àfi ihò tí oru ń gbà jáde, a ó fi í sílẹ̀ fún iye ọjọ́ tí Odessa máa lò ní ìrìnàjò. Ohun tó bá kù ni yóò sọ̀rọ̀."

Imogene, tí kì í fi ọwọ́ òdì bá ènìyàn jà, nawọ́. "Ká gbé e sínú yàrá òfìfo, ẹ jọ̀ọ́. A ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jáde, ó dà bí ojú ọ̀run lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ló ti lè ṣe dáadáa. Tá a bá gbé e síta, oòrùn Alabama máa fìyà jẹ ẹ́ láìnídìí."

Pettibone ronú. "Èèyàn mélòó ló lè wọ yàrá náà láti wòran?"

"Ẹnì kankan ò lè wọ̀ ọ́, Royce. Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀."

"Ta ló wá fẹ́ rí Pettibone?"

Bí ó ṣe kọ yàrá tí ì bá gbà á là nìyẹn. Ó ní pápá gbalasa ni òun ń fẹ́, nínú oòrùn oṣù keje, lójú gbogbo ayé. Wọ́n ní ẹni tí yóò tẹ́ kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ti Pettibone tún wá ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló ra fèrè náà fún ọdẹ.

Wọ́n rọ táǹkì náà kún, wọ́n tì í. Láti ọjọ́ kejì ni aago ara rẹ̀, èyí tó ń fi bí epo ṣe kù tó hàn, ti ń lọ sílẹ̀. Bí aago ṣe ń lọ sílẹ̀ ni Pettibone ń pe àlejò kún àlejò: olórí ìlú, àwọn pásítọ̀, àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n. Ó ní kí wọ́n yan ẹlẹ́dẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣe kéèkì tó rí bí ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì kọ orúkọ sí i lára gàdàgbà-gadagba. Orúkọ ta ni? Ẹ má bi mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá Odessa níbi tó ti ń jẹ adìyẹ sísun pẹ̀lú ọbẹ̀ funfun tí wọ́n ń rẹ́ sí i lára ní ìlú náà. Ó fa àga, ó jókòó láìbéèrè.

"Odessa, ọmọ dáadáa. Fojú inú wò ó. O ti balẹ̀ sórí òṣùpá. Gbogbo ayé ń tẹ́tí sí ọ. Kí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu ẹ?"

"Mi ò tíì ronú débẹ̀, Ọ̀gá."

"'A dúpẹ́ lọ́wọ́ Pettibone.' Ó kúrú, ó sì dùn ún gbọ́."

Odessa lá ọbẹ̀ kúrò ní ìka. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n bi yín léèrè. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ ńkọ́? Ṣé ẹ máa gun Pettibone Kìíní lọ?"

"Pettibone? Ẹ̀yìn ń dun Pettibone."

"Tí ẹ̀yìn ò bá dùn yín ńkọ́?"

Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun gbàgbé nǹkan sínú ọkọ̀, ó sì lọ láìpadà wá.

Odessa kò lè jẹ adìyẹ náà tán. Kì í ṣe ikú ló ń bà á lẹ́rù. Ó ti bá ikú ṣe aládùúgbò lójú òfuurufú rí. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí òun jókòó sórí òṣùpá, kí òun de bẹ́líìtì mọ́ra, kí òun tẹ bọ́tìnì, kí gbogbo ibẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ó rí ìyá rẹ̀ lójú inú, tó ń wo òkè láti ẹ̀yìnkùlé ní Tuskegee.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ Pettibone kò rí ogún ọdún lò. Kò tilẹ̀ rí oúnjẹ àárọ̀ jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa wo táǹkì, kí ẹnikẹ́ni tó dé, Pettibone àti Clyde Hanratty igbákejì rẹ̀ wa ọkọ̀ táńkà tó kún fún haidirójìn sí ẹ̀yìn àká irin kan létí pápá náà. Wọ́n na páìpù láti ibẹ̀ dé ìdí táǹkì, wọ́n sì ń bù ú kún. Wọ́n rò pé àyè wà. Ṣùgbọ́n Pettibone ló kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé ẹni tó bá tètè dé ni yóò jókòó níwájú, ta ni kò sì fẹ́ jókòó níwájú? Ọkọ̀ àwọn àlejò ti ń wọlé wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀ nígbà tí táǹkì kún tán.

Pettibone sáré láti ká páìpù náà kúrò. Páìpù kọ̀. Òtútù ti sọ ọ́ di irin, kò ṣeé ká, kò ṣeé tẹ̀. Aṣọ tó yẹ kó dáàbò bo páìpù náà ti ya lójú púpọ̀, yìnyín sì ti bo ojú ibi tó ya. Níbẹ̀ ni ọ̀gá wa ti bẹ́ mọ́ àwọn ìkòkò òdòdó petúníà tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí iwájú pèpéle tí yóò ti sọ̀rọ̀, ó ń kó wọn ní méjì méjì, ó ń tẹ́ wọn lé páìpù lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí Mísì Lavinia fi máa sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, òógùn ti wẹ irunmú Pettibone palẹ̀.

"Royce, ṣé ara ẹ yá?"

"Ayọ̀ ni, Mísì Lavinia! Ayọ̀ ló ń làágùn!"

Ó kó gbogbo èrò lọ sídìí táǹkì. Aago dúró gbọn-in lórí kíkún. Olórí ìlú pàtẹ́wọ́, àwọn èèyàn bá a pa á. Imogene tẹjú mọ́ aago náà, ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó na ọwọ́ sí Pettibone.

"Mo ti ṣírò ọ̀rọ̀ yìí títí, Royce. Kò yẹ kó rí báyìí. Àmọ́ tó bá jẹ́ òótọ́ ni, mo tẹríba fún ẹ."

Inú Odessa dùn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ó ronú pé, "Àbí mo ti ṣi ọkùnrin yìí mọ̀ ni?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́.

Pettibone gun pèpéle. "Ẹ̀yin ará Alabama! Àwọn kan ní yóò gbẹ. Àwọn kan ní yóò hó lọ. Kí ni Pettibone wí? Pettibone ní táǹkì Pettibone kì í gbẹ! Láti ọjọ́ tá a ti tì í, ọwọ́ ẹ̀dá kan ò kàn án!"

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, Mísì Lavinia, tí ọ̀rọ̀ gígùn máa ń sú, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbóòórùn òdòdó. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan. Òdòdó náà dún kín-ín, ó sì ṣẹ́ sí i lọ́wọ́ bí ife dígí.

"Royce," ó ní, "òdòdó yìí ti di yìnyín."

Gbogbo ojú yí sílẹ̀. Lóòótọ́, èéfín funfun ń rọra yọ láàárín àwọn ìkòkò náà. Àwọn òdòdó dúró ṣánṣán, wọ́n funfun bí ẹni tí wọ́n da ìyẹ̀fun lé lórí, nínú oṣù keje tí àwọn àlejò ń fi fìlà fẹ́ra.

"Ẹ ò rí i!" Pettibone ké. "Agbára Pettibone Kìíní nìyẹn! Òtútù inú táǹkì ń tàn kálẹ̀!"

"Ẹn-ẹn?" Imogene wí. "Tí òtútù bá ń jáde, ooru ń wọlé nìyẹn. O ní aṣọ tó bo táǹkì ẹ ò gba ooru láyè."

"Kò... kò jáde. Òtútù ò jáde."

"Kí ló wá pa òdòdó?"

"Irú òdòdó yẹn, ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ti kó o wá."

"Petúníà?" Mísì Lavinia wí. "Ọmọ yìí, mo ti ń gbin petúníà kí ìyá ẹ tó fẹ́ bàbá ẹ."

Odessa bọ́ síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé òdòdó funfun náà, ìkòkò sí ìkòkò. Èrò tẹ̀ lé e. Oníròyìn gbé kámẹ́rà kọ́ èjìká, ó sáré tẹ̀ lé èrò. Òdòdó gbà wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká irin, ó yà, ó sì tán sídìí táńkà. Clyde Hanratty jókòó sí iwájú ọkọ̀ náà, ó ń jẹ búrẹ́dì tó fi sọ́sééjì sí láàárín, ó sì ti fi òwú dí etí nítorí ariwo ẹ̀rọ.

"Ẹ káàárọ̀, Kápúténì!" ó kígbe, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dí etí ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

"Clyde, kí lò ń ṣe níbí?"

"Mò ń dúró de Dókítà ni! Wọ́n ní tí aago bá tún wálẹ̀ kí àlejò tó lọ, kí n tún bu díẹ̀ sí i!"

Olórí ìlú gbọ́ ọ. Àwọn pásítọ̀ gbọ́ ọ. Kámẹ́rà gbọ́ ọ, kámẹ́rà kì í sì í gbàgbé.

Pettibone dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Àfikún bíńtín ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó ń retí àlejò, ṣé kì í bu omi sí àmù ni?"

Odessa wo táńkà náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kò pariwo.

"Ọ̀gá Dókítà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Táńkà yìí, ṣé a jọ ń lọ sí òṣùpá ni?"

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. Ẹnìkan kígbe pé, "Clyde ni yóò wà á!" Pásítọ̀ kan ní kí wọ́n bá òun béèrè bóyá ibi ìgbọ́kọ̀sí wà lọ́hùn-ún. Olórí ìlú rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìlẹ̀kùn táńkà mú, tó sì tètè fi í sílẹ̀ nítorí òtútù. Clyde yọ òwú kan létí, ó ní, "Kí ni wọ́n sọ?"

Mísì Lavinia nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Royce. Báwo lepo ṣe kù tó kó o tó bù sí i?"

"Ó kù díẹ̀."

"Gbé ohùn sókè. A ò tíì wá ohùn ẹ tì rí."

"Kò tó ìdajì."

"Ṣé ohun tó kù yẹn lè gbé Odessa kúrò lórí òṣùpá?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó wo àwọn oníròyìn. Nígbà tó yá, ó wo Odessa, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́.

"Rárá," ó wí. "Kò lè gbé e."

Lábẹ́ àtíbàbà, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ni ìgbìmọ̀ ti yan ẹ́ńjìnnì àwọn orogún, ti Imogene. Wọ́n gé kéèkì náà pẹ̀lú. Wọ́n jẹ orúkọ náà láti iwájú wá, títí ó fi ku lẹ́tà mẹ́rin ìkẹyìn, èyí tó túmọ̀ sí eegun lédè àwọn ará ibẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ̀gá.

Imogene ló gba Pettibone Kìíní sílẹ̀. "Ẹ má sọ ẹ́ńjìnnì náà nù," ó sọ fún ìgbìmọ̀. "Níbi tá a bá ti fẹ́ kúrò lórí ilẹ̀ ayé kíákíá, tí kò sí pé à ń dúró, kò sóhun tó tó haidirójìn. Ẹ jẹ́ kó gbé Odessa jáde nílé. Àwọn tèmi á gbé e padà wá." Ìgbìmọ̀ gbà, ṣùgbọ́n wọ́n yọ orúkọ Pettibone kúrò lára ẹ́ńjìnnì náà, nọ́ńbà lásán ni wọ́n fi sọ ọ́. Mísì Lavinia wá fi tirẹ̀ kún un pé ẹni tó pa petúníà ni yóò gbin òmíràn, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, lẹ́nu géètì, níbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń gbà wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ni Dókítà Royce Pettibone ṣe wà lórí eékún lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí oòrùn ń pa á lórí. Ọkọ̀ tó bá kọjá yóò fun fèrè. "Dókítà, ṣé ó ti kún?" "Dókítà, ẹ bu díẹ̀ sí i!"

Odessa gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó bọ́ sílẹ̀. Ó gbé tíì tútù fún un. Ọkùnrin náà mu ún tán, ó nu ẹnu.

"Odessa, ṣé ẹ̀rù bà ẹ́ lóòótọ́?"

"Ó bà mí, Ọ̀gá. Ó bà mí gan-an."

Ó fi ìka tẹ erùpẹ̀ mọ́ ìdí òdòdó kan, ó tún tẹ òmíràn. Ọkọ̀ kan fun fèrè. Kò gbójú sókè.

"Ká ní èmi ni wọ́n ní kó lọ, èmi náà ì bá má gùn ún," ó wí.

Odessa kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì nawọ́ mú ìkòkò tó kàn.